Bàbá Larry, Ẹ Kú Oríire Ọdún 15 Lórí Oyè!

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ayẹyẹ, ẹ kú ìdùnnú, ẹ kú ewu ọdún! Àwa tí a ń sin ológbò ní Festac Town àti jákèjádò Amúwò-Ọ̀dọ̀fin la ń kí yín, Bàbá Larry, ológbò ilé nọ́mbà 10 Downing Street, Olórí Ọdẹ Èkúté nílé olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2011 lẹ gba ẹnu ọ̀nà dúdú yẹn wọlé. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2026 lẹ pé ọdún 15 géérégé lórí oyè! Wọn ò lé yín, ẹ ò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì yọ yín lóyè. Ọdún ń gorí ọdún, iyì yín ń ga sí i. Ká ní ẹ wà nítòsí ni, gángan ì bá ti máa dún láti First Gate wọlé, à bá sì ti dí 23 Road pa nítorí yín!

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan ará Festac nínú ọ̀rọ̀ ológbò Lọ́ńdọ̀nù. Ó kàn wá dáadáa! Ìlú àlejò ni Festac. Àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé tó lé ní 5,000 síbí kí àwọn tó ń bọ̀ lè ríbi sùn. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló kópa. Stevie Wonder wá sí Èkó lọ́dún náà, Miriam Makeba wá, Sun Ra kó àwọn onílù àti onífèrè tirẹ̀ wá. Ijó parí, àlejò palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n bá ṣẹ́ ìbò lórí ilé, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tí ìbò mú.

Bí a ṣe di ará Festac nìyẹn! Ìjẹ̀bú wà ńbẹ̀, Ìgbò wà ńbẹ̀, Ẹ̀gùn, Ìjọ, Ẹ̀dó, gbogbo wa pátá. Ta ló lè ní ibẹ̀ lòun ti ṣẹ̀ wá? Àfi àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀! Àwa yòókù, àlejò tó di onílé ni wá. Nítorí náà, bí àlejò kan bá di onílé níbikíbi láyé, ì báà fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, ì báà ní ìrù, èèyàn wa ni.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ fún àwọn ọmọdé tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti ń rí yín. Wọ́n ń rí yín tí ẹ na ara yín gbalaja sójú fèrèsé, irun funfun láyà, irun aláwọ̀ ilẹ̀ onílà lẹ́yìn, kámẹ́rà ń yà yín, ẹ ò tilẹ̀ wojú wọn. Wọ́n á rò pé inú ọlá ni wọ́n bí yín sí. Rárá o! Ìgboro lẹ ti wá. Nǹkan bí oṣù Kìíní ọdún 2007 ni wọ́n gbà pé wọ́n bí yín, títì Lọ́ńdọ̀nù lẹ sì ń rìn kiri kí wọ́n tó gbé yín dé ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà ní Battersea. Ẹ ò ní ilé, ẹ ò ní olúwa. Ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ jẹ́ nígbà tí orí yín ṣí ilẹ̀kùn fún yín, ó sì ti tó àkókò!

A ò ní gbàgbé Battersea nínú ìkíni yìí, torí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n kì í gbẹ́yìn níbi ìsọmọlórúkọ. Ní 1860 ni arábìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé náà sílẹ̀ ní Holloway, fún ajá tó sọnù tí ebi ń pa. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ìwé ìròyìn ńlá Lọ́ńdọ̀nù pàápàá bá wọn dá sí i. Màmá ò gbọ́, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ilé náà kó lọ sí Battersea ní 1871, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ológbò ní 1883. Ẹ ò rí i pé bí Màmá Tealby bá ti tẹ́tí sí ẹlẹ́yà, kò ní sí Larry tí à ń kí lónìí! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará Battersea, ẹ kú ọdún tó ti lé ní 160!

Wàyí o, kí ló gbé yín dé ilé ìjọba? Èkúté ni! Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, akọ̀ròyìn dúró síwájú ilé nọ́mbà 10, ó ń ròyìn ọ̀rọ̀ ìlú tó le, gbogbo ayé ń wò ó. Èkúté ńlá kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra gba iwájú ilẹ̀kùn olóòtú ìjọba kọjá, ẹ̀rù ò bà á rárá. Ìtìjú ńlá! Ilé ìjọba ayé àtijọ́, ilé tí àṣẹ ti ń jáde, èkúté ń fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà ọjà! Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Láti ìgbà tí ológbò tó ń jẹ́ Sybil ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2009, kò sí ológbò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n bá sáré ránṣẹ́ sí Battersea. Àwọn tó tọ́jú yín níbẹ̀ jẹ́rìí sí yín pé ọdẹ ni yín. Oṣù Kejì dé, ẹ dé! Ẹ̀yin sì lẹ kọ́kọ́ gba oyè Olórí Ọdẹ Èkúté ní gbangba nílé náà, oyè tí wọ́n fún yín láṣẹ ìjọba. Ológbò títì kan ló gba oyè yẹn. Háà, ẹ kú oríire!

Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ibi tó dùn mọ́ wa jù lọ nínú ìtàn yín rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ní 2013, David Cameron tó kọ́kọ́ gbà yín sílé sọ pé ẹ máa ń fura sí ọkùnrin, pé ara yín kì í balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní bóyá nítorí pé ológbò tí wọ́n kó yọ nínú ìyà ni yín, kó jẹ́ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti mú ológbò tí wọ́n ti fìyà jẹ wọlé rí, ní Festac tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ ohun tí Cameron ń wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí i sójú. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa wọ̀, tàbí ẹ̀yìn fíríìjì, ojú méjì nìkan ni yóò máa tàn nínú òkùnkùn. Ẹ yọ eegun panlá, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ nínú abọ́, ẹ kúrò ńbẹ̀. Kò ní jẹ ẹ́ lójú yín! Bí ẹ bá jí lóru lọ mumi, ẹ ó gbọ́ ahọ́n tó ń lá abọ́. Ẹ tanná báyìí, ó ti pòórá. Ó ṣe díẹ̀, ẹ rí orí. Ó tún ṣe, ẹ rí orí àti ẹsẹ̀ iwájú. Ìgbálẹ̀ já lulẹ̀, gbàù, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bú, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ẹ má fà á jáde, ẹ má lépa rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín lọ. Bó bá wò yín lójú, ẹ rọra dijú, ẹ rọra là á. Ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sussex àti ti Portsmouth gbé iṣẹ́ jáde pé ológbò máa ń ṣẹ́jú padà sí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, pé ó sì máa ń yá a lára láti sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan tí ẹ ò tilẹ̀ retí, ara gbígbóná kan á fara nu ojúgun yín. Yóò lọ, yóò tún bọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ á máa dún hùn-ùn hùn-ùn hùn-ùn. Oríire dé! Àmọ́ ẹ rọra yọ̀ o, bí ẹ bá hó yèè, yóò tún sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí náà, àwa mọ ohun tí à ń kí yín fún, Bàbá Larry. Ilé yín kì í ṣe ilé ìdákẹ́jẹ́. Ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà, oníròyìn wà lójú títì, mọ́tò olówó ńlá ń wọlé, ń jáde, àwọn olùwọ́de ń pariwo lókèèrè, aṣojú ìjọba ń ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ológbò tí ẹ̀rù ọkùnrin ń bà ni wọ́n gbé sínú ilé tó kún fún ọkùnrin onísúùtù! Síbẹ̀ ẹ dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ẹ dé, Barack Obama ṣàbẹ̀wò sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó nawọ́, ó fọwọ́ pa yín lára. Ẹ ò sá! Cameron fúnra rẹ̀ ní ó ya òun lẹ́nu pé ẹ gba ti Obama. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà! Àwa ò sọ nǹkan kan o, inú wa kàn dùn ni.

Ẹ wá wò ó lónìí! Ẹ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́pàá á rí yín, á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn fún yín, kó, kó, kó, wọ́n á ṣí i, ẹ ó sì rọra wọlé bí ẹ bá fẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣí i tán, ẹ ó ní ẹ ò wọlé mọ́. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé olóòtú ìjọba? Mínísítà wo? Aṣòfin wo? Àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé náà ló ń fi owó ara wọn dá a, tí wọ́n fi ń bọ́ yín. Wọ́n ń dáwó bí ẹlẹ́gbẹ́ ṣe ń dáwó ankara! Ìfẹ́ nìyẹn, ọmọ aráyé.

Ẹ jẹ́ ká wá kà á síta, kí gbogbo èèyàn gbọ́: olóòtú ìjọba mẹ́fà! David Cameron, ẹ wà ńbẹ̀. Theresa May, ẹ wà ńbẹ̀. Boris Johnson, ẹ wà ńbẹ̀. Liz Truss dé ní 2022, kò tíì lò tó oṣù méjì tó fi kẹ́rù, ẹ wà ńbẹ̀! Rishi Sunak, ẹ wà ńbẹ̀. Keir Starmer, ẹ ṣì wà ńbẹ̀! Wilberforce, ológbò tó ṣiṣẹ́ náà láti 1973, rí mẹ́rin, ẹ ti kọjá rẹ̀. Humphrey, ológbò ìgboro bíi tiyín tó dé ní 1989, rí mẹ́ta, ẹ ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí Cameron ń lọ ní oṣù Keje ọdún 2016, ó sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ó dun òun pé òun ò lè mú yín lọ. Ó gbé fọ́tò sókè pàápàá, kí ayé lè rí i pé òun fẹ́ràn yín. Kò lè mú yín lọ, torí ti ilé lẹ jẹ́! Ní Festac níbí, a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ayálégbé àti lándílọ́ọ̀dù. Ayálégbé ló ń kó bẹ́ẹ̀dì wọlé tó tún ń kó o jáde. Lándílọ́ọ̀dù jókòó sí bàkónì, ó ń wò ó. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò akẹ́rù bá dúró sí Downing Street, a mọ̀ pé ayálégbé kan ló ń lọ. Lándílọ́ọ̀dù ń na ara rẹ̀ nínú oòrùn!

Akíkanjú ni yín pẹ̀lú. Ṣé ká má sọ ti oṣù Kẹfà ọdún 2019, nígbà tí Donald Trump wá pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ tí ìbọn ò lè wọ̀? Òjò dé, ẹ wá ibi fara pamọ́ sí, abẹ́ mọ́tò ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ sì rí pé ó dára jù. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ jókòó! Gbogbo ẹ̀ṣọ́ aláwòójú dúdú, gbogbo ìbọn, gbogbo rédíò létí, ológbò Battersea jókòó sábẹ́ mọ́tò, kò yá a lára láti kúrò. Ṣé ká má sọ ti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan yọ lálẹ́ níwájú ilé, tí ẹ tẹ̀ lé e, tí ẹ sì lé e lọ lójú kámẹ́rà? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ga jù yín, kò dí yín lọ́wọ́. Yíyọ́ tí ológbò ń yọ́, ti ojo kọ́! Nova, ajá Sunak, náà gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìyàwó Sunak fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ìjà wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, pé ẹ̀yin lẹ borí. Ìdílé Starmer dé pẹ̀lú ológbò tiwọn, JoJo, wọ́n tún mú ọmọ ológbò kan, Prince, kún un. Ẹ fún wọn láyè. Àgbà tó ní ilé ló mọ bí a ṣe ń gba àlejò.

Àwọn ẹlẹ́nu jíjò kan wà tí wọ́n ní ẹ máa ń sùn jù. Wọ́n tiẹ̀ fún yín lórúkọ nítorí ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. A ò ní pe orúkọ náà níbí, ọjọ́ ayọ̀ ni. Ológbò wo ni kì í sùn? Ìdajì ọjọ́ ni gbogbo wọn ń fi sùn, àwọn mìíràn ń sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ní ti ìjà yín pẹ̀lú Palmerston, ológbò ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, tóun náà ti Battersea wá ní 2016, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Irun díẹ̀ fò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Larry ọmọ Battersea! Ọkọ èkúté! A-fìrù-gbálẹ̀-ààfin! A-rí-márùn-ún-lọ-má-ṣípò! Ẹlẹ́sẹ̀ òwú tí ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! A-jókòó-sábẹ́-mọ́tò-ààrẹ-bí-ẹni-tó-rà-á! Ẹ kú oríire!

Bàbá, ẹ gbà wá láyè ká bù díẹ̀ nínú oríire yín fún àwọn tiwa, torí àwọn Larry pọ̀ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin! Kò sí kámẹ́rà tó ń lé wọn kiri, kò sẹ́ni tó fi wọ́n joyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lẹ jọ gbà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Agboju, tí ológbò ń sùn lórí àpò yín, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin lẹ fún un ní iṣẹ́ kí Downing Street tó mọ̀. Orí ẹja ni owó oṣù rẹ̀, kò sì bèèrè àfikún rí. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ gbọ́ igbe nínú gọ́tà lẹ́yìn òjò, tí ẹ bọ́ bàtà, tí ẹ fi ọwọ́ lásán fa ọmọ ológbò jáde nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ kú iṣẹ́! Òjò Festac kì í ṣe eré. Ọmọ ológbò tó bá bá a lọ nínú gọ́tà, ó dìgbóṣe. Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ gba ológbò dúdú sílé nígbà tí àdúgbò ń pariwo pé ti àjẹ́ ni, ẹ kú àyà! Wọ́n ń sọ̀kò lù ú láàárọ̀, ó ń sùn lórí ìrọ̀rí yín lálẹ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ àjẹ́ ni, àjẹ́ tó ń pa èkúté fún ni láìgbowó, kí la ń lé e sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáwọ́ nínú oògùn eku tí wọ́n ń kiri láti close dé close, ẹ ṣeun, ẹ ṣe é re! Èkúté tó bá jẹ májèlé kì í dá kú; ológbò tó bá jẹ ẹ́ á bá a lọ. Ẹ̀yin dókítà ẹran tí ẹ ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi lọ́dọọdún, tí ẹ ń tẹ akọ lọ́dàá, tí ẹ ń bá wa dá abo dúró kó má máa bí lójoojúmọ́, iṣẹ́ yín pọ̀, a mọ̀ ọ́n. Oyún ológbò kì í pẹ́ ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ, ó ń bí mẹ́rin, ó ń bí márùn-ún, kó tó pẹ́, àjà ilé ti kún! Ẹ̀yin St. Mark's Animal Rescue Foundation tí Dókítà Mark Afua dá sílẹ̀ nílùú Èkó wa yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ajá àti ológbò tí aráyé ti kọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin ni Battersea tiwa. Kí Ọlọ́run máa ràn yín lọ́wọ́!

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gba ológbò tó ti rí màbo wọlé, yálà ó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín tàbí ọdún mẹ́wàá, ayẹyẹ yín nìyí pẹ̀lú. Ẹ ti farada pípọ̀! Wọ́n ti ha yín lọ́wọ́, wọ́n ti ya kọ́tìnì yín, wọ́n ti tọ̀ síbi tí kò yẹ, a ò ní ka ìyẹn lónìí. Ẹ wo bó ṣe ń bá yín jókòó báyìí. Ẹ wo bó ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá gbọ́ ìró bàtà yín. Ológbò tí kò gbà kí ọwọ́ kan òun, òun ló ń gun itan àlejò! Ẹ gbóríyìn fún ara yín, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù náà lè jẹ́rìí sí i. Ní Tottenham níbẹ̀, ní 2007, ọdún kan náà tí wọ́n bí yín, Bàbá Larry, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Bowen rí ológbò aláwọ̀ ọsàn kan tí ọgbẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bowen fúnra rẹ̀ ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró, gìtá ló ń ta lójú títì Covent Garden kó lè rówó jẹun. Owó tí kò tó ló fi ra oògùn fún ológbò náà, ó sọ ọ́ ní Bob. Ẹsẹ̀ jinná, Bob ò lọ mọ́! Ó ń gun èjìká rẹ̀ kiri ìgboro, èèyàn ń dúró wò wọ́n. Ìwé jáde lórí wọn ní 2012, fíìmù jáde ní 2016, ayé gbọ́. Bob kú ní 2020, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ sí Islington Green ní 2021. Ère ológbò ìgboro! Bowen kò fi bò pé Bob ló kó òun yọ. Ẹ ò rí i pé a ò mọ ẹni tó ń gba ẹnì kejì là nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá Larry, ẹ gbọ́ àdúrà wa. Ojú yín ò ní fọ́, eyín yín ò ní ká, orókún yín á gbé yín gun fèrèsé. Èkúté á máa rántí yín kó tó rìn. Òjò ò ní pa yín bí mọ́tò ààrẹ bá wà nítòsí! Ọjọ́ orí 19 fún ológbò, bí bàbá tó ti lé ní 90 ni láàárín wa; ẹ ó lò ó kọjá bẹ́ẹ̀ nínú àlàáfíà.

Ètò sì ti wà nílẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2027 ń bọ̀, oṣù náà ni àjọ̀dún tó bí Festac á pé ọdún 50, oṣù náà lẹ̀yin náà á pé ọdún 20 láyé! Oṣù kan náà! Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. A ó se ìrẹsì, a ó din panlá, a ó kó ti àwọn ológbò sọ́tọ̀ láìfi ata sí i, DJ á wà ní Second Avenue, àwọn ọmọdé á wọ ìrù àti etí. Ẹ tètè fi déètì náà sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, bí ẹ bá tún rí mọ́tò akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà, tí olóòtú ìjọba keje dé pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀, ẹ bá wa kí i káàbọ̀. Ẹ fi ibi ìdáná hàn án, ẹ fi ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ yín sí hàn án dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àga tó wà lójú fèrèsé ti ní olúwa!